Wáyà Tí Àtàndá Fi Rọ́pò Fíúsì

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ohun ìní olóògbé wà ní ìkáwọ́ yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú sí mi.

1.
Ní Ẹdẹ níbí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àtàndá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún Àwáwù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Mọ̀lẹ́bí jókòó, wọ́n ní kí Àtàndá máa wà á, kó máa fi kó gààrí láti ìlú Ara wá sí Ẹdẹ àti Sekona, kí ohun tó bá ń wọlé máa bọ́ àwọn ọmọ náà. Àmánà ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ọkọ̀ mi".

Ọkọ̀ náà ti darúgbó. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ èrò kì í ṣí láti inú mọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní láti tẹ bọ́tìnnì kí gíláàsì sọ̀kalẹ̀, kó na ọwọ́ síta, kó tó lè ṣí i. Nígbà tó yá, gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á máa wọ́ bọ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè.

2.
Àwáwù bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọkọ̀ náà lọ sí Sekona, sọ́dọ̀ Fawziyah, ọmọbìnrin kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, àwọn tí a ń pè ní rìwáyà. Fawziyah kò sáré ní kí wọ́n lọ ra nǹkan kan. Ó yẹ bátìrì wò, ó dáa. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì ṣì ń falẹ̀. Ó tú inú ilẹ̀kùn, ó já ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé gíláàsì, ó wá fi ọwọ́ ti gíláàsì sókè. Kò fẹ́ lọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò tíì kú," ó ní. "Rọ́bà tí gíláàsì ń gbà kọjá ló ti gbẹ, eruku gààrí sì ti dí i. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, kí n pààrọ̀ rọ́bà, kí n tún wáyà tó ti ń bó yìí ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la."

"Di ọ̀la? Ta ló máa kó gààrí mi?" Àtàndá jágbe mọ́ ọn. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wa ọkọ̀! Obìnrin ló wá fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tí fíúsì bá ń jó, ẹ ṣáà má..."

Kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi wọ ọkọ̀ lọ.

3.
Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá awakọ̀ yìí ṣe nígbà tó délé? Ó bu òróró tí wọ́n fi dín dòdò, ó dà á sójú rọ́bà! Ọjọ́ méjì péré ni gíláàsì fi yọ̀. Lẹ́yìn náà, òróró àti eruku gààrí para pọ̀, wọ́n di ẹ̀bà síbẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi agídí fa gíláàsì, ni fíúsì bá jó. Ó ra òmíràn, ìyẹn náà jó.

"Bàbá Tawheed, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yẹn," Àwáwù ní. Orúkọ ọmọ Àtàndá ló fi ń pè é.

"Ìyá Mujeeb, ọbẹ̀ ni kó o máa sè. Fi mọ́tò sílẹ̀ fún ọkùnrin," Àtàndá ní.

Ó gé wáyà tó nípọn, ó tì í bọ ojú ibi tí fíúsì wà. Gíláàsì gbéra, Àtàndá sì yin ara rẹ̀. Òmùgọ̀! Fíúsì ń jó kí ọkọ̀ má baà jó ni. Ọdẹ aṣọ́lé tó ń pariwo olè ló fún lọ́rùn yẹn, tó wá ń dúpẹ́ pé ilé ti dákẹ́.

4.
Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, wọ́n ń kó gààrí bọ̀ láti Ara, Àwáwù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò dé. Àwáwù tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì wọ́ títí ó fi padé.

"Bàbá Tawheed, nǹkan ń jó."

"Òórùn gààrí ni."

Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín fi yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, iná sì tẹ̀ lé e. Ó tẹ búréèkì, ó bẹ́ sílẹ̀, iná gba àga tó dìde lórí rẹ̀. Àwáwù tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì kò mira. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a, ó ń ké, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o! Mo ń jó o!"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn. Ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí láti ìta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Àtàndá sá lọ. Ó ń gbé àpò gààrí sílẹ̀! Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló ju ọ̀kadà sílẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn, tó fa obìnrin náà jáde.

5.
Ọkọ̀ di irin lásán. Ọwọ́ Àwáwù méjèèjì bó, ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé ìwé nítorí owó.

Àtàndá wá kí i ní ọsibítù. Ó mi orí, ó ní, "Kádàrá ni, Ìyá Mujeeb. Àmúwá Ọlọ́run."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Àwáwù wọ ilé wọn, kò fi orúkọ pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó pè é.

"Àtàndá, má pa irọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ó rán ọmọ Sekona sí ọ, o lé e. Èèyàn kan péré ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Àpò mélòó lo gbé sílẹ̀?"

Àtàndá yí padà, ó jáde lọ. Mẹ́ta ni. Ọlọ́kadà tó fa Àwáwù jáde ló kà á.

Ìwọ tó ń kà á, má fi wáyà rọ́pò fíúsì láé. Ilẹ̀kùn tí kò bá ṣí láti inú, má gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó tì í. Bí ohun ọmọ òrukàn bá wà lọ́wọ́ rẹ, tọ́jú rẹ̀ ju tìrẹ lọ, kí o sì gbọ́rọ̀ sí ẹni tó mọṣẹ́ lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ọmọ àná, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.