Gbọ́lágadé àti Lẹ́ǹsì Tí Kì Í Nà

Ìmẹ́lẹ́ ni àbùkù Gbọ́lágadé, ẹ̀gàn sì ni ó fi ṣe ọ̀rẹ́. Ojú rẹ̀ mọ àwòrán, ọwọ́ rẹ̀ mọ kámẹ́rà í dì mú, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá jìnnà sí i, kò ní dìde lọ bá a. Bàbá rẹ̀ ra lẹ́ǹsì kan fún un tó máa ń nà jáde bí ọrùn ìjàpá. Yóò jókòó síbì kan, yóò nà án, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yóò sì wá bá a níbi tó fìdí lé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Àgbádárìgì, òun ni gbogbo ayé ń pè. Ìkómọ ni o, ìsìnkú ni o, Gbọ́lágadé náà ni. Orí rẹ̀ wú, kò wọ fìlà mọ́.

Ṣìkẹ́mi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kò ní bàbá tó lè ra irú rẹ̀. Àgbọn ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ìlú Apá. Kámẹ́rà àlòkù ló ní, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ti fọ́. Ó lọ bá Alàgbà Adékọ́lá tó ń ta irinṣẹ́ àwòrán àlòkù. Bàbá náà gbé lẹ́ǹsì onírin kúkúrú kan lé e lọ́wọ́.

"Èyí kì í nà, kì í súnkì. Bóo bá fẹ́ rí nǹkan nítòsí, ẹsẹ̀ ẹ ni kóo fi sún mọ́ ọn. Mú un lọ dán wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ti rà á nìyẹn o."

"Ẹ ṣé, bàbá. Kò ní bàjẹ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn apẹja erékùṣù Gbèrèfú kéde pé àwọn fẹ́ àwòrán ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n, tí wọn yóò gbé kọ́ sínú gbọ̀ngàn tuntun wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwòrán rẹ̀ bá wù wọ́n ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ àwòrán wọn. Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé bí òun bá rí iṣẹ́ yìí, òun yóò parí ẹ̀kọ́ òun. Bí òun ò bá rí i, igbá àgbọn ń dúró de òun nílé.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn lọ sí Gbèrèfú ni Gbọ́lágadé ti rí lẹ́ǹsì náà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣìkẹ́, kí lèyí? Ìdérí ìgò lo fi bo kámẹ́rà ni?"

"Ìdérí ìgò ni. Ìwọ ṣáà di ọrùn ìjàpá tìẹ mú, kó má jábọ́ sómi."

Wọ́n dé etí òkun, wọ́n bá àwọ̀n lórí omi. Ìyá Sẹ́nàmi, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ló kọ́kọ́ kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o. Níbí yìí, ẹni tó bá bá wa lẹ́nu iṣẹ́, okùn àwọ̀n ló ń kọ́kọ́ kí."

Ṣìkẹ́mi mọ ohun tó ń wí. Ó fi ọ̀rá wé kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì wọ àárín àwọn tó ń fà. Wọ́n ń kọrin ní èdè Ègùn, ó ń gbè é bó ṣe mọ̀ ọ́n. Gbọ́lágadé wá abẹ́ igi àgbọn kan, ó jókòó.

"Àwòrán ni mo wá yà, ẹ̀yin ará ibí. N ò wá ṣe lébìrà."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí ikùn àwọ̀n gúnlẹ̀, tí ẹja ń ta pọ́npọ́n, gbogbo èèyàn yí i ká. Gbọ́lágadé na lẹ́ǹsì títí ó fi dé òpin. Kí ló rí? Ìdí àti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń nà án, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ń tóbi sí i.

"Ẹ yàgò jọ̀ọ́! Ẹ ò rí i pé mò ń yàwòrán?"

"Máa yà á lọ," ni ẹnìkan dáhùn, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìdí mi náà dára."

Ẹ̀rín sọ. Ìyá Sẹ́nàmi fa Ṣìkẹ́mi lọ́wọ́ wọ àárín. "Ẹ fún ọmọ wa láyè, ó bá wa fà á." Ọmọbìnrin náà sún mọ́ wọn débi pé omi iyọ̀ ta sí i lójú. Ó ya ọwọ́ tó bó lórí okùn, ó ya ẹnu tó ń kọrin, ó ya ẹja tó fò sókè tí oòrùn mú. Ó fi han àwọn obìnrin náà, ariwo ayọ̀ sì gba etí òkun.

Gbọ́lágadé jowú. Ó rò pé oògùn wà nínú lẹ́ǹsì náà. Bí Ṣìkẹ́mi ṣe tún fi ọ̀rá wé kámẹ́rà, tó gbé e sórí ẹní kan, tó lọ gba ìpín ẹja rẹ̀, Gbọ́lágadé yọ́ lọ síbẹ̀. Ó tú lẹ́ǹsì náà, ó ju kámẹ́rà padà sínú ọ̀rá. Ó tú tirẹ̀ náà, ó sì ya ẹnu kámẹ́rà tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu sí atẹ́gùn òkun.

Kámẹ́rà méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹnu wọn kò bára mu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó ti lẹ́ǹsì Ṣìkẹ́mi sẹ́nu kámẹ́rà tirẹ̀, ó lọ́ ọ, ó tún fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Pàá! Nǹkan kán nínú kámẹ́rà rẹ̀. Yanrìn sì ti wọ ìyókù.

Ṣìkẹ́mi sáré dé. "Gbọ́lágadé! Lẹ́ǹsì onílẹ́ǹsì!"

"Ìwọ lo fi sínú yanrìn! Tìẹ ló ba tèmi jẹ́!"

"Òpùrọ́!" Ìyá Sẹ́nàmi ló ké. "Ẹja la ń ṣà, ojú wa ò fọ́. Gbogbo wa la ń wò ọ́."

Ṣìkẹ́mi gbé lẹ́ǹsì náà padà lọ bá Alàgbà Adékọ́lá. Bàbá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó nù ún. Irin àtijọ́ ni, nǹkan kan kò ṣe é. Àwòrán Ṣìkẹ́mi ló wà nínú gbọ̀ngàn Gbèrèfú lónìí, iṣẹ́ wọn sì ti di tirẹ̀. Ó san owó lẹ́ǹsì náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di tirẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá Gbọ́lágadé ní ẹni tó kán kámẹ́rà ni kó tún un ṣe. Àwọn apẹja sì ní Gbọ́lágadé kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà wá sétí òkun àwọn mọ́ títí yóò fi mọ okùn í fà. Ìdí okùn náà ló wà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Ṣìkẹ́, jọ̀ọ́, má yà mí o!"

"Fà á dáadáa! Lẹ́ǹsì mi kì í nà, mò ń bọ̀ wá bá ọ níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ gbọ́. Ohun èlò ńlá kò sọ ọ̀lẹ di ọ̀gá. Ẹni tí kò bá bá èèyàn ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn wọn ni yóò máa rí. Bí ohun tẹ́ ẹ ní bá kéré, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sún mọ́ iṣẹ́ náà, yóò tó yín. Ẹ má sì fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.