Sípíkà Òkè Téńté

Ìgbẹ́ ẹyẹlé kún irun obìnrin tó ń so wáyà náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè téńté pápá ìṣeré, tó ń tutọ́ bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Ó já wọ yàrá máíkì.

“Ọ̀gá, mo ṣí àwọn àpótí sípíkà òkè tí wọ́n fẹ́ fi máa kéde bí iná bá sọ. Òfìfo ni gbogbo wọn!”

Kowalchuk, ọ̀gá rẹ̀, ń jẹ búrẹ́dì onísọ́séèjì, ọbẹ̀ ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. “Sún sẹ́yìn, o ń rùn. Mo mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ló ń jókòó sókè. Bí iná bá sọ, ṣé wọn ò ní í rí èéfín ni?”

“Ìyá mi wà lára wọn.”

“Kó yáa mọ eré sá!” Ó lá ìka rẹ̀ mọ́ féfé.

Obìnrin náà rántí pé Màdáàmù Thorvaldson, tí àjọ panápaná rán wá yẹ iṣẹ́ náà wò, ti wà nínú pápá. Ó yí ẹ̀yìn sí tábìlì, ó fi ìdí ńlá rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì máíkì.

“Ẹ tún un sọ, ọ̀gá, ìgbẹ́ ẹyẹlé dí mi létí.”

“Mo ní òfìfo ni sípíkà òkè!”

Ohùn rẹ̀ sán bí ààrá nínú àwọn sípíkà ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń gé koríko dúró, wọ́n lanu. Kowalchuk sáré yọjú lójú fèrèsé, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Òkè pátápátá ni Thorvaldson jókòó sí, tó ń fi báírò họ orí.

Fóònù Kowalchuk dún.

“Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo ará ìsàlẹ̀ ló lanu sílẹ̀,” ni Thorvaldson wí. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbí o. Kí lẹ sọ?”