Nẹ́tíwọ̀kì Ilé Àna

Jẹ́jẹ́lọlá kò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì tán tí Bàbá Ajíbóyè fi na fóònù sí i.

"Ìwọ lo ní o mọ̀ nípa ayélujára, àbí? Tiwa yìí ń fà bí ìgbín. Tún un ṣe."

Ó dọ̀bálẹ̀ ná, kó tó gba fóònù náà. Láti Àjàgbà ló ti wá sí Òde-Ayé láàárọ̀ yẹn, nítorí Morìnsọ́lá, ọmọ Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló kù: Owólabí, ẹ̀gbọ́n Bàbá, olórí ẹbí, tó wà nílùú Òyìnbó.

"Ọ̀sán òní ló ní ká pe òun ní fídíò," ni Bàbá wí. "Bí kò bá rí ojú ẹ dáadáa, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi kì í bá a jiyàn."

Jẹ́jẹ́lọlá fi fóònù wọn ìyára nẹ́tíwọ̀kì. Abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró sórí oókan. Ó wá ẹ̀rọ Wáì-fáì náà títí, ó bá a lẹ́yìn àgbá epo pupa, wọ́n fi tówẹ̀lì bò ó.

"Ẹ má bínú, sà, irin àgbá yìí ló ń dí i lọ́nà."

"Ta ló fẹ́ bínú?" ni Bàbá wí, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá fèrèsé. Oókan di méje. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín ni iná ojú ẹ̀rọ náà kú. Fáànù òkè orí rẹ̀ ṣì ń yí.

Ó tọ wáyà rẹ̀ lọ. Wáyà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kan wọlé.

"Má wọbẹ̀ o! Gaàrí ìyàwó mi ló wà níbẹ̀. Kì í fẹ́ kí àlejò débẹ̀."

Iná ẹ̀rọ tún tàn fúnra rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dé mẹ́wàá, ẹ̀rọ tún kú. Ó gbé àkàbà, ó gun òkè páànù nínú oòrùn, ó yí àwo nẹ́tíwọ̀kì tó wà níbẹ̀ kọjú sí ìhà Okitipupa. Morìnsọ́lá ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwo púpurú, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti orí ẹja ńlá kan.

"Ta ló ni ìyẹn?" ló bi í láti òkè.

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

"Èmi ńkọ́? Eré ni mò ń ṣe?"

"Ìwọ, máa yí àwo ẹ." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré lọ.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ náà tún ti kú. Bàbá pòṣé.

"Ẹ̀yin ará Àjàgbà! Wọ́n ní ẹ gbọ́n. Ọkọ Vivian, ẹ̀gbọ́n Morìnsọ́lá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni tẹlifíṣọ̀n ṣe báyìí fún un tó fi gbá a mọ́lẹ̀."

"Ibo ló wá wà báyìí, sà?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni àbí ọkọ? Àwọn méjèèjì ò sí nílé yìí mọ́."

Jẹ́jẹ́lọlá nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Bàbá, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ náà gòkè dé ogún, kò sì wá sílẹ̀ mọ́. Bàbá pe ìlú Òyìnbó. Ojú Owólabí yọ, ó mọ́ gaara bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ó wọ kóòtù òtútù onírun, òógùn sì ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀.

"Òtútù ibí yìí pọ̀," ló wí. "Ṣé inú ò bí ọ látàárọ̀?"

"Rárá, sà. Nẹ́tíwọ̀kì lásán ni."

"Ó dáa. Mo ti rí ọ. Ẹ fún un lọ́mọ." Ó pa fóònù rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá gaàrí ṣí, Owólabí jáde nínú kóòtù rẹ̀, ó ń nu epo ẹja kúrò lẹ́nu, ó fọwọ́ kan èjìká àna rẹ̀ tuntun, ó sì ju orí wáyà ẹ̀rọ náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà lọ.