Datsun Mùtàlíbù Kò Fò Mọ́

Láti oṣù kẹta ọdún 1995 ni Datsun pupa tí Mùtàlíbù rà ti ń dójú tì í. Ọkọ̀ eré ìje ni, oníjókòó méjì, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Ó ti ń fẹ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, tí dókítà kan máa ń gbé tirẹ̀ wá síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà kó tó ní èyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni.

Nígbà tó kọ́kọ́ rà á ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú, ṣe ni ọkọ̀ náà ń fò. Ó gbé Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ sí i, Asiyah ọmọ wọn ọlọ́dún méjì jókòó lé ìyá rẹ̀ nítan, wọ́n sì gba títì ńlá láti Accokeek tí wọ́n ń gbé lọ sí Waldorf. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré kọjá ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí, ẹ̀rín ń pa Mùtàlíbù. Kúlísúmù di ọmọ rẹ̀ mú pinpin títí wọ́n fi délé. Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun ló ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Laurel.

Nígbà òtútù, inú gáréèjì lọkọ̀ wà. Mùtàlíbù ha ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, ó kùn ún lọ́dà. Kúlísúmù rán kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí i nínú, ó fi òwú aláwọ̀ ewé gbá etí rẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọ inú ọkọ̀ náà. Òun pàápàá, ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń wà á. Mùtàlíbù ní Ọlọ́run á san án fún ìyàwó òun.

Yìnyín yọ́, ó gbé ọkọ̀ jáde, ọkọ̀ ò fò mọ́. Bó bá ti dé àádọ́ta máìlì, ó di kó máa wọ́ bí àgbò Iléyá tí wọ́n ń fi okùn fà. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá lára rẹ̀. Ìyá àgbà kan kọjá lára rẹ̀, ó tún juwọ́ sí i. Inú bí Mùtàlíbù dé gógóńgó.

Ó pààrọ̀ kàbúrétọ̀ méjèèjì. Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ó yọ sailẹ́ńsà, ó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ sí i. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó tún un dì. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe ń dán an wò: á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ fa wáyà kàbúrétọ̀, á dẹ etí. Ọ̀gá ní etí ni mẹkáníìkì fi ń mọ ọkọ̀. Nínú gáréèjì, ẹ́ńjìnnì á bú ramúramù. Kó dórí títì báyìí, pàbó.

Lọ́jọ́ kan ó sọ sípánà mọ́ ògiri.

"Ẹ rọra, Bàbá Asiyah," ni Kúlísúmù wí. "Bóyá petírólù wọn ni."

"Petírólù kẹ̀? Èwo ni mi ò tíì lò?"

"Ẹ wá jẹun. Mọ́tò ò ní sá lọ."

Asiyah sáré fẹ́ fọwọ́ kan páìpù tó gbóná. Ìyá rẹ̀ já a gbà, ọmọ bú sẹ́kún. "À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú," ni Kúlísúmù wí, "ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀." Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Dàpọ̀ aládùúgbò wọn máa ń yà sí gáréèjì náà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àpọ́n ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, ọkọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lójú. Bí Mùtàlíbù bá wọlé lọ kírun Àsárì, Dàpọ̀ nìkan ló máa ń kù nídìí rẹ̀. Mùtàlíbù ti ń fi ojú ìfura wò ó.

"Bọ̀dá, ẹ kúkú tà á fún mi. Ó ti fẹ́ fún yín ní high blood."

"Bí Iléyá bá dé tí mi ò tíì rí power ẹ̀ gbà padà, wá gbé e. Mo ti sọ ọ́."

Iléyá dé. Nígbà tó ń lọ sí yídì, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé yà á sílẹ̀. Ọkùnrin kì í yẹ ohùn. Lọ́jọ́ kejì, Dàpọ̀ dé, Mùtàlíbù sì na kọ́kọ́rọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀. Omi wà lójú òun fúnra rẹ̀.

Kúlísúmù jáde tòun ti àlùmọ́gàjí. "Ẹ jẹ́ kí n yọ kápẹ́ẹ̀tì mi. Ọwọ́ mi ni mo fi rán an."

"A kì í ta mọ́tò ká tún bọ́ aṣọ lára ẹ̀," ni Mùtàlíbù wí. "Fi sílẹ̀ fún un."

Kúlísúmù fi àlùmọ́gàjí sápò, ó yíjú sí Dàpọ̀. "Dàpọ̀, rọra máa wà á. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ní ọ̀sán Sátidé, fóònù dún ní kíṣìnnì.

"Bọ̀dá, mọ́tò yìí mà ń fò. Mo yọ carpet yẹn kí n lè vacuum abẹ́ ẹ̀, mo wá bá igi kan níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ tọ́tù gan-an. Ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Tọ́tù ò lè lọlẹ̀ dé ìdajì."

"Igi? Igi wo?"

"Wọ́n rán an mọ́ inú carpet ni. Òwú green."

Mùtàlíbù yíjú sí pálọ̀, níbi tí Kúlísúmù ti ń fi òwú aláwọ̀ ewé gbá etí ìborùn Asiyah, kò sì gbójú sókè nígbà tó wí pé, "Ẹ ní kó dá igi yẹn padà síbẹ̀, Bàbá Asiyah, òun náà ní ìyá."