Táyà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ààfáà ti jẹun tán tí wọ́n sì ti lọ, Fàúsátù jáde sí àgbàlá pẹ̀lú ìbòrí dúdú lórí, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Alùpùpù tó pa ọkọ òun, kí Ṣàíbù, àbúrò ọkọ òun, de táyà iwájú rẹ̀ lójú gbogbo ilé, bó ṣe dè é láàárọ̀ ọjọ́ tí Hàrúnà kú.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Gbogbo Ìgàndó ló ti gbọ́ pé táyà iwájú ló yọ lójú ọ̀nà Ìkòtún, tó gbé Hàrúnà ṣubú síwájú tírélà. Wọ́n sì mọ ẹni tó dè é. Ní ọdún 1988 yẹn, olè alùpùpù pọ̀ ládùúgbò débi pé bí àwọn èèyàn bá ti kírun ìṣáà tán, wọn a tú táyà iwájú, wọn a gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nílé Hàrúnà, Ṣàíbù ló ń tú u, òun náà ló ń dè é padà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Fàúsátù ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Bí táyà bá sì ti wọlé, Hàrúnà kì í jẹ́ kó jáde mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Ìyá àgbà Mọ̀dínátù, ìyá Hàrúnà àti Ṣàíbù, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ọwọ́ Ṣàíbù bá wà nínú ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbáà jẹ́ àìbìkítà lásán, kò ní sun inú ilé náà mọ́. Ṣàíbù nìkan ló sì kù fún un láyé.

Fàúsátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, àánú kò sì ṣe é. Ẹ̀san ló ń wá, ó ń hó nínú rẹ̀ bí ìkòkò tí wọn kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó wá kí i ní ó tọ́ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni gìrì pa Àdíját, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí wọn ì bá gbé e lọ sọ́sibítù. Ọkọ rẹ̀ ló tún kàn yìí.

Ṣàíbù kúnlẹ̀ ti alùpùpù náà. Ó ti rù. Ó gbé táyà sípò, ó ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, ó fi sípánà mú nọ́ọ̀tì le. Lẹ́yìn náà ó ki pínnì bọ ihò tó wà lẹ́nu nọ́ọ̀tì, ó fi ẹ̀mú tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí nọ́ọ̀tì má baà tú lójú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìṣe níbì kankan.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi," ni Fàúsátù wí. "Ṣé bí ẹ ṣe ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà nìyí?"

"Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyí, Ìyá Àdíját."

"N ò bi yín ní tojoojúmọ́ o. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ní. Pínnì yìí, ṣé ẹ fi sí i?"

"Mo máa ń fi sí i."

"Ṣé ẹ rántí pé ẹ fi sí i?"

Ṣàíbù tẹjú mọ́ pínnì náà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láràárọ̀, níbo ni yóò ti ṣa àárọ̀ kan yọ nínú wọn? Fàúsátù ń wò ó bó ṣe ń wá a kiri lọ́kàn rẹ̀ tí kò rí i.

"Ẹ gbé Kùránì wá," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣàíbù, búra jàre, kí ara lè tù mí. Ìwọ ṣá búra."

Wọ́n gbé e wá. Ṣàíbù kò fọwọ́ kàn án.

"Màámi, mi ò lè fi Kùránì búra ohun tí mi ò rántí. Oorun lè wà lójú mi. Mo lè gbàgbé. Èmi ṣáà ni mo dè é, àbí ta ni ká tún bi?" Ó yíjú sí Fàúsátù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ foríjì mí. Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò foríjì yín," ni Fàúsátù dáhùn.

Ìyá àgbà fi ìborùn bo ojú, ó na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà. Ṣàíbù kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó dojú kọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Kò wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún nígbà tó ti lọ jìnnà, tí kò lè gbọ́ mọ́. Fàúsátù dúró títí ó fi pòórá. Inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹ́ kó dùn.

Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi sàréè ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì sọ fún un pé àwọn méjèèjì tó kọ̀ láti de táyà padà lálẹ́ ọjọ́ tí gìrì gbé e ti gba tiwọn, nítorí kí bàbá rẹ̀ tó gun alùpùpù jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Ṣàíbù wọlé lọ fọ ọwọ́, òun ìyá rẹ̀ ti fa pínnì yọ, òun sì ti tú nọ́ọ̀tì náà.