Ìyá Oníná

Ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú ojú, kò kí ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ kan jókòó síbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, àmọ́ ó ní ìyá àgbà tí ìbòmú bo imú àtẹnu rẹ̀ yẹn lòun fẹ́. Ó ju báàgì sórí àga, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá oníná, ẹ ṣe kíá. Irorẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kúrò lójú mi kí n tó wọlé ọkọ."

Ìyá fọ ojú rẹ̀ mọ́, ó de awò dúdú mọ́ ọn lójú kí iná má baà ṣe ẹyinjú rẹ̀ léṣe, ó sì fa ẹ̀rọ iná sún mọ́ ọn. Iná búlúù ló kọ́kọ́ tàn, tí wọ́n fi ń pa irorẹ́. Pupa ló máa tẹ̀ lé e, èyí tó ń mú kí ojú tó pọ́n rọlẹ̀.

Fóònù dún.

"Ẹ bá mi wò ó. Ta ló ń pè?"

Ìyá wò ó. Ọmọkùnrin tirẹ̀ gan-an ló ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán ojú fóònù, ọ̀kan ṣoṣo tó bí.

"Ọkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa dún. Òun ò ní wàhálà, ìyá ẹ̀ ni wàhálà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ọjọ́ tí mo bá wọlé ni màmá yẹn máa jáde."

Ìyá gbé fóònù náà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn nílé ọmọ yẹn, kò níbòmíràn tó lè forí pamọ́ sí láyé.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń wá. Irorẹ́ ń gbẹ, ẹnu ò gbẹ.

"Yàrá ẹ̀yìn yẹn, bàtà ni màá máa kó síbẹ̀. Ìyá oníná, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ ò sùn, àbí?"

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ dáadáa."

Ìyẹn ni pé ó ti ń wọlé yẹn nígbà tí ìyá bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ wo ìwọ̀sí! Ó wu ìyá kó fi iná náà jó o, àmọ́ iná yìí kì í jóni, kò tilẹ̀ gbóná. Ó kàn ń fún okùn awò náà le ju bó ṣe yẹ lọ.

Nílé, ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, lọ́la ni mo máa mú un wá kí yín. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀."

"Jẹ́ kí n rí i ná."

Kò tú àṣírí. Tó bá sọ ọ́, ọmọ á ní owú ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó wù ú ni kí ọmọbìnrin náà fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ti ń bú, kó gbọ̀n, kó máa bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì gan-an, kí ọmọ tó mú un wá sílé, ọmọbìnrin náà wá gba iná ìkẹyìn. Ojú rẹ̀ ti ń dán. Ìyá tan iná pupa, ó bọ́ ìbòmú, ó sì dúró sí ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá ti ṣí awò yẹn, ojú ìyá ọkọ ló máa kọ́kọ́ rí. Inú ìyá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ó ku díẹ̀," ló wí. "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ẹ́."

Ọmọbìnrin náà ò mira lábẹ́ iná, ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìyá ọkọ mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, ṣé ẹ ti ń di ẹrù yín, àbí kí n tún un sọ?"