Ife Dúdú ní Pápákọ̀ Òfurufú

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wọ bàálù lọ sí Kánò, mo tò láti ra kọfí àti míìtì páì ní pápákọ̀ òfurufú. Ìyá tó ń tà kò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ló ń lọ. Ife funfun ló fún ọkùnrin iwájú mi.

“Ẹ bá mi kí wọn ní Ìlọrin o. Ó dàbọ̀.”

Ife dúdú ló fi bu tèmi.

“Ọmọ mi, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá.”

Inú bí mi. “Ìyá, ṣé òkú lẹ̀ ń dágbére fún ni?”

Ó ń nu tábìlì rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n pe èrò Kánò, gbogbo wa dìde. Kò sí ẹni tí kò mú ife dúdú lọ́wọ́. Awakọ̀ bàálù wa kọjá níwájú mi, ó ń fi ẹnu fẹ́ tirẹ̀ kó lè tutù.